Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ibo lẹ ti ń rí ìṣẹ́jú márùn-ún tiyín?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Àpáta · Ọjọ́bọ̀, 11:48 alẹ́

Ẹ kú àìsùn o. Ẹni tó bá ń ka èyí ní irú aago yìí, mo mọ̀ pé ọmọ ló jí i.

Télọ̀ ni mí, Àpáta ní Ìbàdàn ni mò ń gbé. Táyé àti Kẹ́hìndé pé oṣù méje lọ́sẹ̀ tó kọjá. Táyé lọ́kùnrin, Kẹ́hìndé lóbìnrin. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ń wọlé, alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló ń padà. Ìyá ọkọ mi bá wa gbé títí àwọn ọmọ fi pé oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tó padà sí Ọ̀yọ́ lọ bójú tó ọjà wọn. Láti ìgbà náà, èmi pẹ̀lú àwọn méjèèjì ló kù, àti ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tó máa ń wá lọ́sàn-án. Máṣíìnì mi wà ní igun yàrá, mo fi aṣọ bò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣí aṣọ náà gbẹ̀yìn.

Ẹ má rò pé àìmoore ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọrọ ọmọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún mi níbi àyẹ̀wò pé méjì ni, mo jó láàárín àwọn aláboyún tó tò sórí bẹ́ǹṣì, àwọn náà sì bá mi jó. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi tójú ń tì mí láti sọ fún àwọn tó sún mọ́ mi.

Lánàá, àwọn méjèèjì sùn lẹ́ẹ̀kan náà, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí Táyé bá sùn, Kẹ́hìndé á máa wo òrùlé. Bí Kẹ́hìndé bá tòògbé, Táyé á húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Mo dúró láàárín yàrá bí ẹni tó ṣìnà. Aṣọ ìdọ̀tí kún bésìn méjì, àwọn ike oúnjẹ wọn wà nílẹ̀ láìfọ̀, ebi ń pa mí, oorun ń kùn mí. Mi ò mú ọ̀kankan nínú gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo da kọ́rọ́bá dojú dé, mo jókòó lé e. Ẹ̀rọ omi ń kán tó, tó, tó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo kà á dé ọgọ́ta. Ẹnì kankan ò pè mí. Èjìká mi, tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo gbé sókè láti àárọ̀, wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ìgbà tí mo máa yọjú, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló lọ. Kẹ́hìndé ti jí. Kò sunkún o. Ó kàn dojú kọ ilẹ̀kùn, ó ń wò ó. Ojú yẹn dá mi lẹ́bi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá wo ló ń sá pamọ́ fún ọmọ tó fi ọdún mẹ́fà bẹ Ọlọ́run fún?

Ìta gan-an ò gbani. Bí mo bá fẹ́ ra búrẹ́dì ní ìkóríta, tí mo pọn ọ̀kan, tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ gbé èkejì, ó kéré tán èèyàn mẹ́wàá á dá wa dúró. "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn!" "Èwo ni Táyé?" "Ṣé ẹ̀ ń se ẹ̀wà fún wọn ṣá?" Wọ́n á fi igba náírà há wọn lọ́wọ́, wọ́n á súre, èmi náà á ṣe àmín tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti gba wákàtí kan, ẹ̀yìn ti ń ro mí. Màmá kan tilẹ̀ ní kí n máa gbé wọn jó lọ sọ́jà, pé bí n kò bá ṣe é, wọn ò ní jẹ́ kí n gbádùn. Mo ní màmá, agbára ijó wo?

Ìbéèrè mi rèé. Mi ò wá oorun wákàtí mẹ́jọ, mo ti fi ìyẹn sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ara máa ń balẹ̀ díẹ̀: ibo lẹ ti ń rí i, kí lẹ sì ń fi í ṣe? Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé kí n sùn nígbà tí ọmọ bá sùn. Èwo nínú wọn?

Ìyá Ìbẹ́ta Ìlọrin · Ọjọ́ Ẹtì, 4:10 ìdájí

"Èwo nínú wọn" pa mí lẹ́rìn-ín débi pé mo jí ọ̀kan. Ó ku méjì. Mò ń padà bọ̀.

Màmá Ìbarapa · Ọjọ́ Ẹtì, 9:22 àárọ̀

Ọmọ mi, o kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run á bá ọ wò wọ́n. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ń sọ, òun ń tẹ̀. Bí o bá rí àṣìṣe, tirẹ̀ ni.

Igbó-Ọrà ni mo wà. Ìbejì lẹ́ẹ̀mejì ni mo bí, ọdún mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Ohun tí o sọ nípa ìta yẹn yà mí lẹ́nu díẹ̀, torí níbí, bí o bá gbé ìbejì kọjá, kò sẹ́ni tó máa yíjú wò ọ́. Ta ni ò ní? Ní agbo ilé tí mo fẹ́ sí, ìyàwó mẹ́rin ló bí wọn. Àwọn àlejò tó ń wá síbi àjọ̀dún ìbejì láti 2018 ló ń ya fọ́tò wa kiri, tí wọ́n ń bi wá léèrè ọbẹ̀ ìlasa, ewé ilá tí wọ́n ní òun ló ń jẹ́ ká bí ìbejì. Ìlasa dùn pẹ̀lú àmàlà, mi ò purọ́, àmọ́ mo mọ obìnrin tó ń jẹ ẹ́ láti kékeré, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló bí gbogbo ọmọ rẹ̀.

(Èmi tí mò ń tẹ̀ ẹ́ nìyí. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé dókítà kan tó ń jẹ́ Nylander ṣe ìwádìí ìbejì ní Ìbàdàn àti ní Igbó-Ọrà níbí ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, iye tó rí sì ju 40 lọ nínú 1,000 ìbímọ. Màmá ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ àgbà mọ́.)

Ìsinmi tí ò ń wá yẹn, ìdí agbada gàrí ni mo ti rí tèmi. Má rẹ́rìn-ín. Iná ń jó, èéfín ń rú, agbada gbóná, ta ló máa gbé ọmọ sún mọ́ ọ níbẹ̀? Bí mo bá ti jókòó tì í, dandan ni kí ẹlòmíràn gbé àwọn ọmọ jìnnà. Ìyá ọkọ mi á gbé ọ̀kan, orogún mi á gbé èkejì. Èmi á mú igbá mi, màá máa rò ó: ṣàà, ṣàà, ṣàà. Òógùn ń bọ́ lára mi o, èéfín ń ta mí lójú, ṣùgbọ́n inú mi tutù. Kò sẹ́ni tó máa ní ò ń sá fún ọmọ, iṣẹ́ lò ń ṣe. Ìgbà mìíràn gàrí ti yan tán, èmi ṣì ń rò ó. Ìyá ọkọ mi mọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Òun náà ti bí ìbejì rí.

Ti ijó ọjà tí màmá yẹn sọ, má fi í ṣẹ̀sín. Mo gbé àwọn àkọ́kọ́ lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n á kì wọ́n, wọ́n á fún wọn lówó. Ohun tí wọn ò sọ fún ọ ni pé bí o bá dé àárín àwọn ìyá ọlọ́jà, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo wọn ló fẹ́ gbé ìbejì kí ọjà wọn lè tà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orin mẹ́ta péré ni mo kọ, wọ́n ti gba àwọn méjèèjì, mo fẹ̀yìn ti àpò àgbàdo kan, oorun gbé mi lọ. Ìgbà tí mo jí, ọjà ti ń tú, àwọn ọmọ ti mu ẹ̀kọ yó, wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, owó wà nínú igbá. Àwọn àgbà tó dá a sílẹ̀, èmi rò pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìyá.

Kò di dandan kí o jó. Àmọ́ àwọn tó ń dá ọ dúró lójú ọ̀nà yẹn, ṣé gbogbo wọn ni ò lè gbé ọmọ?

Bàbá Ìbejì Peckham · Ọjọ́ Ẹtì, 7:05 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ọkùnrin ni mí, ẹ lè ní kí ló kàn mí níbẹ̀. Ẹ ṣáà gbọ́ tèmi.

Lọ́ńdọ̀nù la wà, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà. Obìnrin làwọn ọmọ wa méjèèjì, wọ́n pé ọdún méjì àbọ̀. Níbí kò sí ìyá ọkọ, kò sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Òkè kẹta là ń gbé, lífìtì ń bàjẹ́ nígbà tó bá wù ú, kẹ̀kẹ́ ọmọ oníjókòó méjì ò sì gba ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù Kejìlá, bí aago mẹ́rin bá ti lù, ilẹ̀ ti ṣú, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ á sì wà nínú ilé láti àárọ̀.

Ibi ìsinmi tèmi ni inú mọ́tò. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, mo máa ń dúró nísàlẹ̀ ilé, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo pa rédíò, mo jókòó. Ìṣẹ́jú méje, nígbà mìíràn mẹ́wàá. Mo máa ń rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Lọ́jọ́ kan fóònù mi dún. Ìyàwó mi ni. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni mò ń wò nísàlẹ̀ yẹn?" Mo gbójú sókè, ó wà lójú fèrèsé, ó gbé ọmọ sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Mo sáré gòkè, mo ń wá irọ́ tí mo máa pa. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Ó ní, "Mi ò bínú pé o jókòó. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìwọ ní mọ́tò tí o lè jókòó sí."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé, òkè tààrà ni. Màá fọwọ́, màá gba àwọn ọmọ, òun á gba kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó mi ò mọ mọ́tò wà o. Ó kàn ń lọ jókòó síbi tí èmi máa ń jókòó sí. Mo ti bá èèpo ọsàn lábẹ́ ìjókòó, mi ò bi í léèrè.

Ẹgbẹ́ kan wà níbí fún àwọn òbí ìbejì, Twins Trust lorúkọ wọn. Tamba ni wọ́n ń jẹ́ kó tó di 2019. Ìyàwó mi pè wọ́n lórí fóònù nígbà tí àwọn ọmọ wà ní oṣù mẹ́rin. Kò béèrè nǹkan kan, ó kàn sunkún, ẹni tó gbé fóònù náà sì dúró tì í títí ó fi dákẹ́. Ọdún kejì ni mo tó gbọ́. Inú yàrá kejì ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣì ń dùn mí.

Torí náà, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín ka ibí yìí. Bọ̀dá, ọjọ́ Sátidé, gbé àwọn méjèèjì jáde nínú ilé. Kì í ṣe ọ̀kan, méjèèjì. Má sì pe ìyá wọn láti béèrè ibi tí pámpásì wà. O lójú.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta · Sátidé, 6:30 àárọ̀

Mo ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru, mi ò ní pẹ́.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, bí àwọn ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀ níbi tí wọn kò ti lè jábọ́, tí kò sí ìrọ̀rí tàbí aṣọ tó lè bò wọ́n nímú, ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú ilé ìwẹ̀ kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwa gan-an la máa ń sọ fún ìyá tí ẹkún ọmọ bá ti fẹ́ mú orí rẹ̀ dàrú pé kó gbé ọmọ kalẹ̀, kó jáde síta díẹ̀, torí ìyẹn sàn ju kó gbá a mú kó máa mì ín jìgìjìgì. Ṣùgbọ́n ọmọ oṣù méje ti ń yí. Orí ẹní nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ́ wọn sí, ẹ yé fi wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì gíga.

Lóru, bí ọ̀kan bá jí láti jẹun, ẹ jí èkejì. Mo mọ̀ pé ó dà bíi wèrè. Ẹ fi ìrọ̀rí sórí itan, ẹ há wọn mọ́ abẹ́ apá méjèèjì, kí ẹsẹ̀ wọn nà sẹ́yìn yín, kí wọ́n mu ọmú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ óò rí wákàtí kan gbà padà. Ẹ má sì jẹ́ kí oorun gbé yín lọ lórí àga pẹ̀lú ọmọ láyà.

Ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dáhùn: ṣé rírẹ̀ ni, àbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀? Ẹkún tó máa ń yọ ìyá lẹ́nu lẹ́yìn ìbímọ sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá lọ, tí oorun kò wá kódà nígbà tí àwọn ọmọ ń sùn, tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun, àìsàn nìyẹn, ó sì ní ìtọ́jú. Bí ó bá wá di pé èrò àtipa ara yín lára tàbí àtipa wọ́n lára ń wá, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Àpáta · Sátidé, 2:15 ọ̀sán

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun mà. Mo jókòó, mo bi ara mi dáadáa kí n tó dáhùn. Rírẹ̀ ni. Mò ń jẹun. Lánàá mo jẹ ẹ̀bà dé ìdajì kí n tó rí i pé mi ò bu ọbẹ̀. Bí mo bá sì rí àyè, oorun ń wá bí olè. Oṣù kejì ni mo ní èyí tí ẹ ń sọ. Ìyá ọkọ mi ló rí i, wọn ò pariwo, wọ́n kàn gbé mi lọ rí dókítà. Ìyẹn ti lọ. Bó bá padà, mo ti mọ̀nà.

Màmá Ìbarapa, ẹ fi ìbéèrè yín dè mí mọ́lẹ̀. Mi ò rí i báyẹn rí.

Bàbá Ìbejì, mo fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí ọkọ mi láti yàrá sí pálọ̀. Ó kà á. Ó fi "hmm" dáhùn. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

Kẹ́hìndé Àgbà · Ọjọ́ Àìkú, 3:40 ọ̀sán

Kẹ́hìndé ni mí, mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Òṣogbo ni Táyé mi wà. Orí ojú tí Kẹ́hìndé yín fi wo ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ẹ ní kò sunkún. Kí ló máa sunkún sí? Táyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní dídá wà títí di ọjọ́ tí wọ́n pín wa sí kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nílé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún. Màmá ni ẹ̀yin rò pé ó ń wá. Ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn ló ń wò o, wọ́n fẹ́ràn ilẹ̀kùn.

Màmá tiwa ní igi máńgòrò kan lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n máa ń lọ jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á kẹ̀yìn sílé, wọ́n á tẹrí ba. Bàbá wa kìlọ̀ fún wa pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀, pé àdúrà ni Màmá ń gbà fún wa. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a ò jẹ́ pariwo. Ìdòwú, tó jẹ́ Èṣù lẹ́yìn ìbejì lóòótọ́ lóòótọ́, ló yọ́ kẹ́lẹ́ lọ lọ́jọ́ kan, ó padà wá jẹ́rìí pé gúgúrú àti ẹ̀pà ni Màmá ń jẹ, àwọn nìkan. A ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Inú bí wa gan-an.

Ìgbà tí mo bí àkọ́bí mi ni mo tó lè bi wọ́n. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin náà, ẹ tan Bàbá jẹ pé àdúrà lẹ̀ ń gbà?" Wọ́n ní, "Ta ni mo tàn? Ta lo rò pé ó ń ra gúgúrú?"

Ìyá Ìbẹ́ta Ìlọrin · Ọjọ́ Ajé, 12:50 ọ̀sán

Mo padà dé. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí.

Tèmi ni ibi tí mo ti ń sá aṣọ. Okùn mẹ́ta ló wà ní àgbàlá wa, mo máa ń kọ́kọ́ sá àwọn ìró ńláńlá sórí okùn ọ̀tún àti ti òsì, màá wá wọ àárín wọn. Bí ìró bá tutù báyẹn, tí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, á máa lẹ̀ mọ́ni lójú, á máa rùn bí ọṣẹ. Ẹni tó bá wà nínú ilé, ẹsẹ̀ mi nìkan ló lè rí. Mo máa ń ká aṣọ kan, kí n tún un sá.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Àpáta · Ọjọ́ Àìkú, 9:05 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wá jábọ̀.

"Hmm" yẹn, ó rò ó o. Lánàá, ọkọ mi pọn Táyé. Ọkùnrin, ní Àpáta, ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ọ̀já mi pupa. Ó gbé Kẹ́hìndé sáyà. Mo ní ṣé kí n bá a tún ọ̀já so, ó ní rárá, kí n wọlé. Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ń wò ó títí ó fi yà ní ìkóríta. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì ló kọ́kọ́ pariwo. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ilé dákẹ́. Mo ṣí aṣọ orí máṣíìnì mi, mi ò rán nǹkan kan, mo kàn da epo sí i, mo yí àgbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ó dé lẹ́yìn wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. 2,350 náírà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ odidi ẹ̀ya kan. Ọ̀já ti wálẹ̀ dé ìdí. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọ nìyí?" Mo ní, "Lójoojúmọ́." Ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Màmá Ìbarapa, mo ti dán tiyín náà wò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá oníbúrẹ́dì bi mí bó ṣe máa ń bi mí: "Èwo ni Táyé?" Mo ní, "Èyí ni," mo sì gbé e lé wọn lọ́wọ́. Mo gba Kẹ́hìndé lọ́wọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́, mo gbé e lé ọmọ wọn obìnrin lọ́wọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, mo jẹ búrẹ́dì gbígbóná láìfi nǹkan kan sí i. Wọ́n ń kì wọ́n, wọ́n ń jó wọn lọ jó wọn bọ̀, èmi ń jẹun. Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ní ṣé mo ti ń lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n agbada gàrí ni mo ń rò jù. Mi ò ní agbada, mi ò sì lè dín gàrí nínú ilé tí a yá gbé. Ohun tí mo ní ni ẹ̀wà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ìyá ọkọ mi ń pè láti Ọ̀yọ́: "Ṣé o ti se ẹ̀wà àwọn ọmọ?" Ó ti máa ń ni mí lára, mo máa ń sáré fọ̀ ọ́, kí n dà á síná. Àná tí wọ́n pè, mo ní yóò di ọ̀la. Lónìí mo gbé àpótí sẹ́yìnkùlé, mo gbé atẹ sórí itan. Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn méjèèjì, mo ní kó má jẹ́ kí wọ́n kọjá ibẹ̀, torí ohun tí ọwọ́ wọn bá ti bà, ẹnu ni, ẹ̀wà gbígbẹ sì lè há wọn lọ́fun. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Mo tún fi kún ohùn mi díẹ̀.

Mo da ẹ̀wà olóyin kóńgò kan sórí atẹ, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ìka méjì ni mo fi ń fà á wá sọ́dọ̀ ara mi, díẹ̀díẹ̀, ó ń dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé orí páànù. Èyí tí kòkòrò ti lu, mo yà á sọ́tọ̀. Èyí tó rún, mo yà á sọ́tọ̀. Òkúta ló le, torí àwọ̀ òun àti ẹ̀wà ò yàtọ̀. Ojú ò tètè mọ̀ ọ́n, ìka ló ń mọ̀ ọ́n, ó máa ń tutù ju ẹ̀wà lọ. Mo gbé atẹ sókè, mo fẹ́ èèpo rẹ̀ sínú atẹ́gùn. Mo gbọ́ tí Kẹ́hìndé ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, mi ò yíjú. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti etí atẹ. Odidi ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Òkúta mọ́kànlá ni mo rí nínú kóńgò kan.

Ìyá Ìbẹ́ta Ìlọrin · Ọjọ́ Àìkú, 9:31 alẹ́

Òkúta mọ́kànlá nínú kóńgò kan! Ọwọ́ ta lo ti ra irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀? Wá ẹlòmíràn kíákíá.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Àpáta · Ọjọ́ Àìkú, 9:34 alẹ́

Ọwọ́ ìyá kan lẹ́yìn ilé wa. Mo ti san owó kóńgò méjì sílẹ̀ de Sátidé.